Fíìmù ẹ̀dá òfuurufú tó ń bani lẹ́rù: ṣé àwọn èèyàn inú rẹ̀ ni kò gbọ́n, àbí ìtàn ló já?

Ọmọ Owé, Kàbà

Okun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn látàná, n ò sì fẹ́ dá nìkan rò ó.

Lálẹ́ Sátidé, èmi àtàwọn àbúrò mi tan jẹnẹrétọ̀, a wo Prometheus, fíìmù tí Ridley Scott ṣe lọ́dún 2012. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ayé kan tó jìnnà réré, wọ́n ń wá àwọn tó dá ọmọ èèyàn. Wọn ò tíì pẹ́ débẹ̀ tí Holloway fi bọ́ akoto orí rẹ̀ nínú ihò, torí ẹ̀rọ sọ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe é mí. Fifield ni onímọ̀ òkúta, àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀ ló ń fò káàkiri tó ń ya àwòrán gbogbo ọ̀nà inú ihò náà, òun náà ló wá sọnù. Millburn, onímọ̀ ohun abẹ̀mí, rí nǹkan funfun kan tó jọ ejò nínú omi dúdú, ó na ọwọ́ sí i bí ẹni ń pe ọmọ ajá. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ńlá kan tó rí roboto já bọ́ láti òkè, ó ń yí bọ̀ bíi táyà. Vickers, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, ń sá lọ tààrà níwájú rẹ̀ títí ó fi tẹ̀ ẹ́ pa. Ká ní ó yà sápá kan ni, ì bá ti yè.

Inú bí mi débi pé n kò lè sùn. Lójú tèmi, ẹni tó kọ ìtàn náà ti pinnu pé wọ́n máa kú, kò wá wá ikú tó bá ọgbọ́n orí wọn mu. Àbúrò mi obìnrin ní mo ti le jù. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mú tiyín wá.

Ọmọ Ọdẹ, Ìyàgbà

Àbúrò, ti ejò yẹn ni n óò sọ, torí òun ló dùn mí jù.

Ọdẹ ni bàbá mi. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí a jọ ń bọ̀ láti oko, tí sèbé kan gbérí láàrin ebè iṣu. Kò jìnnà sí wa rárá. Ó fẹ ọrùn, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó dì í mú gan-an, kò sọ̀rọ̀. A dúró bẹ́ẹ̀ títí ejò fi rẹ orí sílẹ̀, la bá fẹ̀yìn rìn kúrò. Dòní olónìí, bí mo bá rántí, ìka bàbá mi ni mo kọ́kọ́ ń mọ̀ léjìká, kí n tó rántí ejò.

Nǹkan funfun inú fíìmù yẹn ṣe bíi sèbé gẹ́lẹ́: ó nàró, ó fẹ ọrùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ọkùnrin náà gọ̀ ló ń bí mi nínú. Ẹ rántí pé kò pẹ́ sígbà yẹn ni òun àti Fifield rí òkú ẹ̀dá ńlá kan, òkú tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, tí ẹ̀rù bà wọ́n, tí wọ́n fi àwọn tó kù sílẹ̀ pé àwọn ń padà sínú ọkọ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ẹni tó sá fún òkú, kí ló fún un láyà níwájú alààyè? Ìtàn lè ní ojo, ó lè ní akin. Kí ẹnì kan náà jẹ́ méjèèjì lálẹ́ kan ṣoṣo, láìsí ohun tó yí i lọ́kàn padà, ibẹ̀ ni òwú ti já.

Arìnrìnàjò, Lọ́kọ́ja

Ọmọ Owé, ohun gbogbo tí o sọ ni mo gbà àyàfi ti Vickers. Jọ̀ọ́, jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo dúró létí títì ní Felele níbí, mo ń ra bọ̀ọ̀lì. Bíréèkì tírélà kan já lórí òkè. Fèrè rẹ̀ la kọ́kọ́ gbọ́, kò dákẹ́, ká tó rí i tó yọ. Gbogbo wa bẹ́ sáré. Ibo la sá gbà? Ojú títì náà ni! A ń sá lọ níwájú ọkọ̀ tó ń lé wa bọ̀. Gọ́tà wà lápá ọ̀tún mi, kò ju ìṣísẹ̀ méjì, igbó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. N ò rí i. Ẹ̀yìn ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ni mo rí níwájú mi, mo gbá tẹ̀ lé e. Ọlọ́run ló ṣe é, awakọ̀ ráyè yà wọgbó, kò pa ẹnì kankan. Ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀ ni mo rí i pé bàtà mi kan ti bọ́, bọ̀ọ̀lì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fún un títí ó fi yọ láàrin ìka mi. N ò mọ̀ ọ́n lára pé ó gbóná.

Shaw, obìnrin kejì tó yè nínú fíìmù yẹn, ṣubú ló kọ́kọ́ ṣubú kó tó yí ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ ló gbà á là. Ẹni tó bá jókòó sórí àga ló ń rí apá ọ̀tún àti apá òsì. Ẹni tí nǹkan ń lé kò rí ju iwájú lọ.

Ọmọ Owé, Kàbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. N ò mọ̀ pé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí yín. Mo kó ọ̀rọ̀ mi lórí Vickers jẹ.

Ṣùgbọ́n akoto tí Holloway bọ́ ńkọ́? Kò sí ohun tó ń lé e.

Nọ́ọ̀sì, Ìsánlú

Ẹ kú ìjókòó. Ti akoto yẹn, mo wà lẹ́yìn Ọmọ Owé gbágbáágbá. Afẹ́fẹ́ tó ṣe é mí kì í ṣe afẹ́fẹ́ tí kò ní àrùn nínú. Ẹ̀rọ wọn sọ ti èkíní, kò sọ ti èkejì. Ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ibà Lassa ti kọ́ wa pé ìtọ̀ eku tí ojú ò rí lórí gààrí tó láti pa èèyàn. A kì í fọwọ́ kan aláìsàn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Ṣé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó fò lọ sí ayé mìíràn ni kò ní mọ̀?

Ẹ jẹ́ ká wá fi Alien tí Ridley Scott kan náà ṣe lọ́dún 1979 wé e. Àwọn méje ló wà nínú ọkọ̀ Nostromo. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ ojú Kane, Dallas tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ripley ní rárá, òfin sọ pé wákàtí 24 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi yà wọ́n sọ́tọ̀. Ash, tó jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn, ló ṣílẹ̀kùn. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń pe ìyẹn ní àṣìṣe, wọ́n ní onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní sùúrù! Róbọ́ọ̀tì ni Ash, iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀ sì ti pàṣẹ pé kí ẹ̀dá náà ṣáà délé, bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá kú, kó kú. Ohun tó jọ àṣìṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìtàn náà.

Ti Dallas ló máa ń mú omijé wá sójú mi. Mo ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn rí. Iyàrá tí a ya aláìsàn sọ́tọ̀ sí ni, àbúrò rẹ̀ ń bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun wọlé kóun di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. N ò ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n nínú àpò yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Dallas kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́.

Ọmọ Owé, Kàbà

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ n gbé òmíràn sílẹ̀. A Quiet Place, tí John Krasinski ṣe lọ́dún 2018. Àwọn ẹ̀dá kan tí kò ríran, tí etí wọn mú ju ohunkóhun lọ, ń pa ẹnikẹ́ni tó bá pariwo. Ìdílé kan ń gbé inú oko, wọ́n da iyanrìn sójú ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má baà dún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè mi: bàbá mú ọmọkùnrin rẹ̀ lọ síbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, ó ní níbẹ̀ èèyàn lè pariwo, torí ariwo omi bo ti èèyàn mọ́lẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò kọ́lé síbẹ̀? Kí ló dé tí ìyàwó lóyún lẹ́yìn tí ayé ti bàjẹ́ báyẹn? Ìṣó tó yọ ṣóńṣó lórí àtẹ̀gùn tí obìnrin náà fẹsẹ̀ tẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Kàbà

Ọmọ mi, ẹ̀rọ ata ni mò ń lọ̀ lọ́jà, ó ti lé lógún ọdún. Ọmọ mi obìnrin ló fi fíìmù yẹn hàn mí, ó ń túmọ̀ ibi tí mi ò bá gbọ́.

Wá dúró ti ẹ̀rọ mi nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà á gbé ẹnu sí mi létí kó tó lè sọ iye tó fẹ́ san. Lọ́jọ́ kan ewúrẹ́ wọlé sẹ́yìn mi, ó jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ tí mo rà tán, mi ò mọ̀. Kò ju apá méjì lọ sí mi! Ìgbà tí mo pa ẹ̀rọ ni mo gbọ́ tó ń rún un lẹ́nu. Ibi tí ẹranko burúkú ò ti lè gbọ́ ọ, ìwọ náà ò lè gbọ́ ọ níbẹ̀. Àwọn yẹn ò ríran, wọ́n lè ṣèèṣì rìn débi omi nígbàkigbà. Ọmọ kékeré sùn, ó dé, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Nínú oko, ìdákẹ́jẹ́ ń ṣọ́ wọn. Bí ewé bá ti mì, wọ́n ti mọ̀.

Ti oyún, mi ò fẹ́ kí ẹ̀yin ọkùnrin máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọmọ wọn tó kéré jù kú lójú wọn, lójú ọ̀nà, nítorí nǹkan ìṣeré tó ń dún. Ilé tó ti pàdánù ọmọ kì í ṣírò bí ẹlòmíràn. Wọn ò sì fi ọwọ́ lẹ́rán: wọ́n kan àpótí tí wọn yóò tẹ́ ọmọ sí kí igbe rẹ̀ má jáde, wọ́n wá afẹ́fẹ́ tí ọmọ á máa mí nínú rẹ̀, wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì dí ẹnu ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. Ìyá tó ronú tó báyẹn, ẹ má pè é ní aláìgbọ́n níwájú mi.

Káfíńtà, Mọ̀pà

Màmá ti sọ̀rọ̀. Èmi máa sọ ti ìṣó nìkan.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú ni pé ẹnu ìṣó ló kọ òkè, kì í ṣe orí rẹ̀. Wọ́n ní ta ló ń kan ìṣó láti abẹ́ àtẹ̀gùn? Àwa káfíńtà ń ṣe é. Bí pákó kò bá nípọn tó ìṣó, ẹnu rẹ̀ á yọ sódì kejì, a ó sì fi òòlù tẹ̀ ẹ́ dùbúlẹ̀ kó wọnú pákó. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Ẹ wo fíìmù náà dáadáa: obìnrin yẹn ń wọ́ àpò aṣọ gòkè, àpò kọ́ nǹkan, ó fà á, ìṣó nàró. Bí ìṣó tí a tẹ̀ ṣe ń dìde nìyẹn. Mo ti fi àtẹ́lẹsẹ̀ mi rí irú rẹ̀ nínú ilé àtijọ́ kan tí a ń tún ṣe.

Ẹjọ́ tí mo ní kò ju ọ̀kan lọ. Lẹ́yìn tó gún un, tí ẹ̀jẹ̀ dà sílẹ̀, ìṣó yẹn ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nínú ilé tí ohun tó bá dún ń pa èèyàn, èmi á ti fi aṣọ dì í kí n tó sùn.

Olùkọ́, Ìjùmú

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀, mo gbádùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Signs, torí àgbẹ̀ ni mí kí n tó di tíṣà.

Lọ́dún 2002 ni M. Night Shyamalan ṣe é. Bàbá kan tó ti fi iṣẹ́ àlùfáà sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú oko àgbàdo ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Àwọn ẹ̀dá òfuurufú tẹ àgbàdo rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ya àmì ńláńlá sínú oko. Ìgbẹ̀yìn ló hàn pé omi ń jó wọn lára bí ásíìdì. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé omi bo bí ìdá 71 nínú 100 ilẹ̀ ayé, kí ni wọ́n wá ṣe síbí? Ìyẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ èèyàn náà ń sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀ òkun láti wa epo, òkun sì lè pa á. Ẹni tó bá nílò nǹkan máa ń lọ síbi ikú.

Ìrì ló dùn mí. Ẹ wọ oko àgbàdo mi lóṣù Agẹmọ, kí agogo mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Ewé á ti ga tó àyà yín, a máa gún yín lápá, omi ìrì á sì wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù máa ń dúró sí kọ̀rọ̀ ibi tí ewé ti so mọ́ igi, bí ẹni rọ ọ́ sínú ife. Ẹ ò ní tíì kọjá ebè kẹta tí ṣòkòtò yín á ti tutù dé ìbàdí, tí ẹ lè fún un kí omi máa kán. Ìhòòhò ni àwọn ẹ̀dá yẹn wà! Lálẹ́, nínú àgbàdo, wọn ò wọ ohunkóhun. Kò sí ẹni tó gé oko rí tó lè gbà pé wọ́n jáde níbẹ̀ láìjóná.

Ọmọ Bùnú

Ọ̀gá Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Fíìmù yẹn wà lọ́kàn mi gan-an.

Wọn kò fi ọ̀rọ̀ omi pamọ́. Ray, ọkùnrin tó fi mọ́tò pa ìyàwó àlùfáà náà, ti sọ ọ́ ṣáájú pé òun ń lọ sétí adágún torí òun rò pé wọn ò fẹ́ràn omi. Ọmọdébìnrin náà, Bo, ń gbé ife omi kalẹ̀ káàkiri ilé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ pé omi náà kò dáa. Ìtàn ẹni tó sọ ìgbàgbọ́ nù ni. Gbogbo ohun tó dà bí ìdààmú lásán nínú ilé rẹ̀, omi, ikọ́ fée ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ sọ kó tó kú, ló wá di ohun tó gbà wọ́n là. Nígbà tí mo wò ó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká aṣọ pupa òkú kúrò nílẹ̀ ni. N ò rántí ìrì rárá.

Olùkọ́, Ìjùmú

Ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, Ọmọ Bùnú. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ ire. Ti inú ilé náà kò ní àbùkù lójú mi. Ilé so pọ̀, oko ni kò so pọ̀. Ká ní wọ́n gbìn ín sílẹ̀ tí kì í rí ìrì, tàbí kí wọ́n fi nǹkan kan bo àwọn ẹ̀dá yẹn lára, n kì bá tí sọ̀rọ̀.

Arìnrìnàjò, Lọ́kọ́ja

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè, ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń wọ̀n ọ́n: àyè wo ni ẹni náà ní láti ronú? Vickers kò ní àyè. Dallas ní díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Holloway ní gbogbo àyè, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì bọ́ akoto. Àwọn ẹ̀dá inú Signs ní ju gbogbo wọn lọ, wọ́n gbéra láti ayé mìíràn, wọ́n ya àmì ọ̀nà kalẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀. Ẹni tó pète ìrìnàjò tó bẹ́ẹ̀ tí kò wọ aṣọ, mi ò lè bá a wá àwíjàre.

Ọmọ Ọdẹ, Ìyàgbà

Ìwọ̀n yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ẹ bá fi wọn The Thing tí John Carpenter ṣe lọ́dún 1982, ẹ ó rí i pé ó pé. Ọkùnrin méjìlá wà ní Antarctica, láàrin yìnyín, ẹ̀dá kan tó lè gba ìrísí ẹnikẹ́ni sì wà láàrin wọn. Blair fi kọ̀ǹpútà ṣírò pé bí nǹkan náà bá dé ìgboro, wákàtí 27,000 ni yóò fi gba gbogbo ayé. Ìyẹn jẹ́ ọdún mẹ́ta àti oṣù kan. Ó gbé àáké, ó fọ́ rédíò, ó ba hẹlikópítà jẹ́. Wọ́n pè é ní wèrè. Nínú gbogbo wọn, mi ò rí ẹni tó ronú jù ú lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọmọ Bùnú

Ìbẹ̀rẹ̀ The Thing ló máa ń mú mi. Ajá kan ń sá bọ̀ lórí yìnyín, àwọn ará Norway ń yìnbọn lé e. Ọ̀kan nínú wọn ń pariwo fáwọn ará Amẹ́ríkà pé ajá kọ́ nìyẹn o, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ ló fi ń sọ ọ́. Kò yé wọn, wọ́n yìn ín níbọn pa, wọ́n mú ajá wọlé. Àwọn kan ní kò bá làákàyè mu, pé ó yẹ kó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá sí etí odò wa ní Lọ́kọ́ja. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, bàbá àgbà kan ń fi èdè Nupe pariwo mọ́ mi, ó ń na ọ̀pá sí mi. Mo rò pé ó ń bú mi, mo fi ìbínú gbé ẹsẹ̀ wọlé. Pákó ìsàlẹ̀ ti là, omi dé orúnkún mi. Bàbá yẹn tún ni ó na ọ̀pá sí mi kí n dì í mú.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Kàbà

Ti ajá yìí, mi ò tíì wò ó. Ṣé wọ́n mọ ẹni tí nǹkan náà wà nínú rẹ̀ níkẹyìn?

Nọ́ọ̀sì, Ìsánlú

Màmá, MacReady, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn sínú àwo, ó ń ti wáyà gbígbóná bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn á kàn gbóná ni. Ti nǹkan yẹn á sá, torí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ló ní ẹ̀mí tirẹ̀. Mi ò ní sọ ti ta ló sá fún yín.

Ọmọ Owé, Kàbà

Màmá, fíìmù náà wà lórí fíláàṣì mi. Mò ń gbé kọ̀ǹpútà bọ̀ lọ́la, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa ẹ̀rọ. Àbúrò mi ní òun náà ń bọ̀, ó fẹ́ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ nípa Blair.